Ìpè Tó Ń Já Ní Ìṣẹ́jú Àáyá 32

Ká ní àwọn ajẹ́ńtì kan tó ń bá oníbàárà gba ẹrù jáde ní èbúté ní ọ́fíìsì ní Wharf Road, ní Àpápá. Fóònù orí tábìlì wọn kì í ṣe irú ti NITEL àtijọ́. Okùn íntánẹ́ẹ̀tì ló wọ ìdí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń gbé Ajégúnlẹ̀, nítòsí ọjà Boundary, wọ́n sì fi áàpù ọ́fíìsì sórí fóònù rẹ̀ kí ó lè máa gba ìpè láti ilé lọ́jọ́ tí tírélà bá dí ọ̀nà pa. Ọ̀gá pè é. Fóònù dún ní Ajégúnlẹ̀, ó gbé e. "Ẹ káàárọ̀, sà." "Káàárọ̀ o. Kọ́ńténà wa ńkọ́? Ṣé àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ti tú u wò?" Ohùn mọ́ ketekete. Ó ń ṣàlàyé lọ, kò tíì sọ ọ́ dé ìdajì, ìpè já. Ọ̀gá tún pè é. Ibi tó ti já lẹ́ẹ̀kan náà ló tún ti já.

Kálukú ló ní ohun tó máa sọ sí i. Ẹnì kan á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ẹlòmíì á ní dátà ló ń tán lọ, ẹnì kẹta á dá òjò lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ fi aago sí i: ìṣẹ́jú àáyá 32 ni, òjò ì báà rọ̀, oòrùn ì báà ràn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò dára kì í wo aago. Ó lè já ìpè yín ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lónìí, kó sì jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú lọ́la. Ìpè tó bá ń já ní àkókò kan náà nígbà gbogbo, ẹ̀rọ kan ló wà níbì kan tó ń ka àkókò, tó ń retí nǹkan, tí nǹkan ọ̀hún kò dé. Kí ló ń retí, kí ló sì dé tí kò fi rí i? Ìbéèrè tí orí yìí fẹ́ dáhùn nìyẹn.

Nǹkan méjì ló ń rìn nígbà tí a bá ń fi íntánẹ́ẹ̀tì pe ara wa. Èkíní ni ohùn, tí ẹ̀rọ ń gé sí wẹ́wẹ́, tó sì ń dì ránṣẹ́ ní nǹkan bí ìdì àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èkejì ni iṣẹ́ tí àwọn ẹ̀rọ ń rán sí ara wọn nípa ìpè náà: mo fẹ́ bá lágbájá sọ̀rọ̀, ó ń dún, ó ti gbé e, mo ti gbọ́, ó dàbọ̀. Ìjíṣẹ́ ni mo máa pe èkejì yìí. Ọ̀nà tí ohùn ń gbà lè yàtọ̀ pátápátá sí ọ̀nà tí ìjíṣẹ́ ń gbà, ìdí sì nìyẹn tí ohùn fi lè máa lọ geerege nígbà tí iṣẹ́ kan ti sọnù sọ́nà láìsí ẹni tó mọ̀.

Ìlànà ìjíṣẹ́ tó gbajúmọ̀ jù ni SIP. Ọdún 1999 ni ìwé ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Henning Schulzrinne ti Yunifásítì Columbia ní New York wà lára àwọn tó kọ ọ́. Wọ́n tún un kọ ní oṣù kẹfà ọdún 2002, èyí tí wọ́n tún kọ yẹn náà la ṣì ń lò. Kò mọ sí ọ́fíìsì nìkan o. Bí fóònù yín bá ń gba orí 4G pe ènìyàn láìsọ̀kalẹ̀ sí 3G, SIP ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó wù mí nípa rẹ̀ ni pé ojú lásán lè kà á. Lẹ́tà gidi ni, ó ní ìlà tó sọ ẹni tó kọ ọ́, ìlà tó sọ ẹni tí a kọ ọ́ sí, àti ìlà tó sọ ọ̀nà tó gbà. Ẹni tó bá ní sùúrù lè jókòó kà á bí ìwé ìròyìn.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé lẹ́tà kan, nígbà náà. Fóònù ọ̀gá kọ lẹ́tà ìpè, INVITE lorúkọ rẹ̀. Kò mọ ibi tí fóònù Ajégúnlẹ̀ wà, nítorí náà ó fi lẹ́tà rán alárinà. Alárinà yìí ni sáfà ilé-iṣẹ́ tó ń ta ìpè fún ọ́fíìsì wọn, kọ̀ǹpútà tó ń gba iṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ó lè wà ní Victoria Island, ó sì lè wà ní London. Bó bá jẹ́ London ni, lẹ́tà tó ń ti Àpápá lọ sí Ajégúnlẹ̀, ibi tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé, á gba abẹ́ òkun lọ, á sì gba abẹ́ òkun bọ̀. Okùn MainOne, tó so Èkó mọ́ Portugal láti ọdún 2010, gùn tó 7,000 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré nínú irú okùn bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí 200,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà àlọ rẹ̀ jẹ́ bí ìdá kan nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Kì í ṣe jíjìn ọ̀nà ló ń já ìpè yìí.

Kí alárinà tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, ó máa kọ àdírẹ́ẹ̀sì ara rẹ̀ sórí rẹ̀, sí ìlà kan tí wọ́n ń pè ní Via. Fóònù ọ̀gá ti kọ Via tirẹ̀. Alárinà gbé tirẹ̀ lé e. Bí alárinà kejì bá wà lọ́nà, òun náà á gbé tirẹ̀ lé ti èkíní. Nígbà tí èsì bá ń padà bọ̀, kò sẹ́ni tó tún ń bèèrè ọ̀nà mọ́. Via tó wà lókè pátápátá ni wọ́n máa kà, ibẹ̀ ni wọ́n máa rán èsì sí, ẹni tó bá gbà á á yọ tirẹ̀ kúrò, á sì rán an sí èyí tó kàn, títí tó fi máa dé Wharf Road. Èsì ń tọ Via padà. Lẹ́tà tuntun kì í tọ Via ti àtijọ́, ọ̀nà tirẹ̀ ló ń wá. Ẹ má gbàgbé ìyàtọ̀ yìí, nítorí òun ló máa tú àṣírí lẹ́yìn.

Báwo wá ni alárinà ṣe mọ ibi tí fóònù Ajégúnlẹ̀ wà? Fóònù ọ̀hún ló wá forúkọ sílẹ̀. Gbàrà tí wọ́n bá ṣí áàpù, á kọ lẹ́tà REGISTER sí alárinà pé: èmi nìyí, ibi báyìí ni kí ẹ ti máa wá mi. Ibi tó pè ní "ibi báyìí" gan-an ni ẹjọ́ wà. Ẹ wo irú ilé elérò púpọ̀ tó kún Ajégúnlẹ̀, tí yàrá kọjú sí yàrá, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí face-me-I-face-you. Ilé náà ní nọ́ńbà kan ṣoṣo ní àdúgbò, àmọ́ yàrá inú rẹ̀ pọ̀. Ráútà tàbí MiFi ni ilé yẹn. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó bá so mọ́ ọn ní nọ́ńbà yàrá tirẹ̀, ká ní 192.168.1.7. Nínú ilé, bí ẹ bá ní Yàrá 7, ọmọdé pàápàá á mú yín débẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé wo ni kò ní Yàrá 7? Láti ọdún 1994 ni wọ́n ti ya irú àdírẹ́ẹ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ báyìí sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé, àìmọye ráútà ló sì ń pín in káàkiri ayé. Níta, nọ́ńbà ilé nìkan ló níyì.

Ráútà yẹn náà ló tún ń ṣe kiatékà níbẹ̀. Bí Yàrá 7 bá rán lẹ́tà jáde, kiatékà á pa nọ́ńbà yàrá rẹ́ lára àpòòwé, á kọ nọ́ńbà ilé sí i, á sì ṣàkọsílẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ pé ohunkóhun tó bá gba ojú fèrèsé báyìí wọlé, Yàrá 7 ló ni ín. Kiatékà ọmọlúàbí ni, kì í tú àpòòwé. Nítorí náà, nínú lẹ́tà lọ́hùn-ún, lórí ìlà tí fóònù ti kọ ibi tó ní kí wọ́n ti máa wá òun, 192.168.1.7 ló ṣì wà níbẹ̀. Contact ni wọ́n ń pe ìlà yẹn. Ní ti ọ́fíìsì Àpápá, wọ́n ti sanwó fún àdírẹ́ẹ̀sì tí gbogbo ayé lè rí, wọ́n sì ti tò ó sórí fóònù wọn, nítorí náà ọ̀dọ̀ wọn kò lẹ́jọ́.

Alárinà tó mọṣẹ́ á wo àpòòwé REGISTER, á wo inú rẹ̀, á rí i pé méjèèjì kò bára mu. Ti àpòòwé ló máa gbà gbọ́. Á kọ ọ́ sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ pé ibi tí lẹ́tà ti wá gan-an ni kí a máa rán ìpè ẹni yìí sí, ohunkóhun tí ì báà pe ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí INVITE ọ̀gá fi bá fóònù nílé, tó sì dún.

Òṣìṣẹ́ gbé e. Fóònù rẹ̀ kọ èsì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 200, pé wọ́n ti gbé e. Nítorí pé èsì ni, ó tọ Via padà, ó gúnlẹ̀ sí Àpápá, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó ń bọ̀. Lójú ọ̀gá àti òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Lójú SIP, ó ku ẹyọ kan: ẹni tó gbé fóònù fẹ́ kí ẹni tó pè é jẹ́ kóun mọ̀ pé ó ti gbọ́. Lẹ́tà kúkurú tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni ACK. ACK kì í ṣe èsì, lẹ́tà tuntun ni, kò sì ní Via àtijọ́ tó máa tọ̀. Fóònù ọ̀gá á tú èsì 200, á wá ìlà Contact, kó lè mọ ibi tí fóònù Ajégúnlẹ̀ ní kí wọ́n ti wá òun.

Yàrá 7 ló bá níbẹ̀.

Bí alárinà bá ti kọ ìlà Record-Route sórí INVITE, èyí tó túmọ̀ sí pé kí gbogbo lẹ́tà tó kù nínú ìpè yìí gba ọ̀dọ̀ òun kọjá, ACK á kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Á wo ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, á rí 192.168.1.7, á sì jù ú síta síbẹ̀, bí ẹni tó wọ Ajégúnlẹ̀ tó ń wá Yàrá 7 láìmọ ilé. Bí kò bá kọ Record-Route rárá, ọ̀rọ̀ á tún pani lẹ́rìn-ín: fóònù ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló máa wá 192.168.1.7, ó sì ṣeé ṣe kó rí i nínú ọ́fíìsì wọn níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ẹ̀gbẹ́ ògiri lè jẹ́ ẹni tí wọ́n ń kí pé "mo ti gbọ́ pé o ti gbé e."

Ní Ajégúnlẹ̀, fóònù tó rán 200 kò rí ACK. Kò mọ̀ bóyá èsì rẹ̀ ló sọnù, nítorí náà ó tún un rán lẹ́yìn ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó tún rán an. Ó dúró fún méjì, lẹ́yìn náà mẹ́rin, láti ibẹ̀ lọ ó di mẹ́rin-mẹ́rin. Gbogbo ìgbà tí èsì yìí bá dé Àpápá ni fóònù ọ̀gá náà ń fi ACK mìíràn dáhùn, Yàrá 7 náà ló sì ń rán gbogbo wọn sí. Àwọn tó kọ ìlànà fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ṣe ìpìlẹ̀ òǹkà, wọ́n sì ní bí ìlọ́po 64 rẹ̀ bá kọjá tí ACK kò dé, kí a ka ìpè náà sí òkú. Ìlọ́po 64 ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, 32 nìyẹn. Nígbà tó bá pé, fóònù á kọ BYE, lẹ́tà ìdágbére, á sì gé ìpè. Èsì 200 yẹn ti jáde lẹ́ẹ̀mọ́kànlá nígbà náà, àwọn ènìyàn méjì sì ń sọ̀rọ̀ kọ́ńténà lọ ní tiwọn.

Ẹ lè mọ̀ ọ́n láìní irinṣẹ́ kankan. Ẹ ní kí ọ̀gá pè, kó sì gbé fóònù tirẹ̀ sílẹ̀ kí ìṣẹ́jú àáyá 32 tó pé. BYE tirẹ̀ náà á forí lé Yàrá 7, nítorí náà òṣìṣẹ́ á ṣì gbé fóònù sétí, á máa ṣe "hẹ́lò, hẹ́lò" sínú ìdákẹ́jẹ́ títí òǹkà tirẹ̀ á fi pé. Kí òṣìṣẹ́ wá kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ sílẹ̀ nígbà kejì: ìpè á parí ní Àpápá lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ ń lọ láti apá kan, kò lọ láti apá kejì.

Ẹni tó ní àṣẹ lórí sáfà lè rí i kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sngrep, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan, máa ń ya lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ọfà láti òpó kan dé èkejì, pẹ̀lú àkókò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìpè tí ara rẹ̀ le ní ọfà 200 kan àti ọfà ACK kan. Tiwa yìí, 200 ló kún ojú rẹ̀, àlàfo àárín wọn ń fẹ̀ sí i. Àmọ́ ibi tí ẹ bá dúró sí ló máa sọ ohun tí ẹ máa rí. Láti Àpápá, ACK ń jáde, ẹ lè rò pé kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Lórí fóònù Ajégúnlẹ̀, kò sí ACK rárá, ẹ sì lè bú ọ́fíìsì. Ọ̀dọ̀ alárinà nìkan lẹ ti máa rí i tó wọlé, tó sì tún jáde lọ sí 192.168.1.7. Ibi ìkẹyìn tí a ti rí lẹ́tà láàyè ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń báni tún un ṣe kì í lọ síbẹ̀. Ráútà ni wọ́n máa pa, wọ́n á tún un tàn, wọ́n á yọ áàpù, wọ́n á tún un fi síbẹ̀, wọ́n á gbowó. Ráútà ì báà kú kó jí nígbà ogún, nọ́ńbà yàrá náà ló tún máa pín.

Àtúnṣe wà lọ́wọ́ alárinà. Bó ṣe ń yẹ àpòòwé REGISTER wò, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó máa yẹ ti èsì 200 wò, kó sì fi nọ́ńbà ilé àti fèrèsé rọ́pò Yàrá 7 kó tó rán an lọ sí Àpápá. Nínú Kamailio tàbí OpenSIPS, tí ọ̀pọ̀ ń fi ṣe alárinà, ìlà díẹ̀ nínú ìwé ètò ni. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ti kọ ìlà yẹn fún lẹ́tà, wọ́n gbàgbé èsì. Nígbà mìíràn sì rèé, kiatékà aláṣejù ló dá wàhálà sílẹ̀: àwọn ráútà kan ní ètò kan nínú, SIP ALG, tó ń tú àpòòwé kiri, tó ń fi nọ́ńbà ilé rọ́pò nọ́ńbà yàrá lórí ìlà kan, tó sì ń fi òmíràn sílẹ̀. Ẹ pa á. Bí ráútà yín kò bá gbà kí ẹ pa á, ẹ jẹ́ kí áàpù máa fi TLS di lẹ́tà rẹ̀ pa. Kiatékà kò ní rí inú rẹ̀ kà mọ́.

Àwọn àṣìṣe ọ̀nà mìíràn wà tí kò le tó èyí. Ẹni tó ṣètò sáfà lè ní kó máa fi 234 ṣáájú gbogbo nọ́ńbà, kó gbàgbé láti yọ òdo iwájú, kí 0803 wá di 2340803. Èsì 404 ló máa padà wá, pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òmíràn ṣì gbà pé 0803 ní láti jẹ́ MTN, 0805 ní láti jẹ́ Glo, bẹ́ẹ̀ láti oṣù kẹrin ọdún 2013 ni wọ́n ti gbà wá láyè ní Nàìjíríà láti gbé nọ́ńbà wa lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn. Lẹ́tà irú sáfà bẹ́ẹ̀ ń kanlẹ̀kùn ẹni tó ti kó kúrò. Ìyíkiri náà wà: wọ́n yọ nọ́ńbà òṣìṣẹ́ kan kúrò nínú sáfà kékeré ọ́fíìsì, sáfà yẹn ní alárinà ló máa mọ̀ ọ́n, alárinà ní ọ́fíìsì ló ni ín, lẹ́tà wá ń lọ ó ń bọ̀. Òǹkà kan wà lórí lẹ́tà nítorí èyí, 70 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá gbà á ń yọ ení. Bó bá dé òdo, èsì 483 á dá a dúró. Àfi bí sáfà ọ́fíìsì bá jẹ́ irú tó ń kọ lẹ́tà tuntun dípò kó fi ti àtijọ́ ránṣẹ́. Òǹkà á tún bẹ̀rẹ̀ láti 70, ìpè ẹyọ kan á sì gba gbogbo ìlà tí ọ́fíìsì ní.

Èyí tó máa ń rú àwọn ènìyàn lójú jù ni èyí tí wọ́n ń sọ pé, "Mo lè pè wọ́n, wọn kò lè pè mí." Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù kan ní Ajégúnlẹ̀ tí fóònù tábìlì rẹ̀ àti súwíìṣì tó so mọ́ wà lórí ínfátà, ṣùgbọ́n tí ráútà wà lórí iná NEPA. Iná lọ, ráútà kú. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ráútà jí. Ìwé kiatékà ti ṣófo. Fóònù kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, nítorí iná orí rẹ̀ kò kú; ó ti forúkọ sílẹ̀ fún wákàtí kan, kò sì ní tún REGISTER kọ títí àsìkò yẹn á fi tó. Alárinà náà gbà pé ó ṣì wà níbẹ̀. INVITE dé ojú fèrèsé àtijọ́, kiatékà kò mọ ẹni tó ni ín, ó jù ú nù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Alárinà tún rán an lẹ́yìn ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, lẹ́yìn kan, méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún, ó sì jáwọ́ nígbà tó pé 32. Òǹkà kan náà ni, àmọ́ fóònù ṣọ́ọ̀bù yìí kò dún lẹ́ẹ̀kan rárá. Bí ẹni tó wá tún un ṣe bá wá fi fóònù ṣọ́ọ̀bù pe ẹlòmíì láti dán an wò, lẹ́tà tirẹ̀ lè tún ṣí fèrèsé àtijọ́ yẹn gan-an, gbogbo nǹkan á sì máa ṣiṣẹ́ níṣojú rẹ̀.

Iná kò tilẹ̀ ní láti lọ. Bí fèrèsé bá pẹ́ díẹ̀ láìsí ohun tó gba ibẹ̀ kọjá, kiatékà á pa á rẹ́. Àwọn ráútà mìíràn kì í dúró ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ. Nítorí náà ni fóònù fi máa ń ju ìdì kékeré tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú sí alárinà ní bíi ìṣẹ́jú àáyá 25 síra wọn, kí fèrèsé má bàa pa dé. Dátà tó ń jẹ kò tó nǹkan, ìdì bẹ́ẹ̀ jẹ́ báìtì 32 péré, kò sì tó MB mẹ́rin lóṣù. Bátìrì ló ń jẹ, nítorí ìdì kọ̀ọ̀kan ń jí rédíò inú fóònù, Android sì máa ń pa áàpù tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ojú fóònù bá ti ṣú. Ọ̀pọ̀ áàpù ìpè wá gba ọ̀nà mìíràn: Google ní fèrèsé kan tó máa ń wà ní ṣíṣí lórí fóònù Android fún gbogbo áàpù, ibẹ̀ ni alárinà ń gbà fi ọwọ́ kan áàpù pé kó jí, ìpè ń bọ̀. Áàpù jí, ó kọ REGISTER tuntun láti fèrèsé tuntun, alárinà tó ti di INVITE mú wá fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Ẹni tó pè láti Àpápá á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan kó tó gbọ́ pé ó ń dún.